Marilyn Monroe ti Warhol: ṣé kí n rà á?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ẹnì kan fẹ́ ta àwòrán Marilyn Monroe, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà yẹn, fún mi, ojú pínkì, irun yẹ́lò, búlúù lórí ìpéǹpéjú, ó ní ojúlówó tí Andy Warhol, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ ní 1967 ni. Ohun témi mọ̀ ni pé àwọ̀ mẹ́wàá ló tẹ̀ nígbà yẹn, 250 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù ló sì fi sáìnì ẹ̀yìn wọn. Mo wá yí eléyìí padà, kí ni mo rí? Òǹtẹ̀ Sunday B. Morning, àwọn tó ń tẹ ẹ̀dà àwòrán Warhol yìí, àtòmíì tó ní kí n fúnra mi sáìnì ẹ̀, àbí ẹ ò rí nǹkan! Àwọn yẹn, 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, òǹtẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ wà kó tó di búlúù, dúdú sì ni tèmi. Ká sòótọ́, ó wù mí gan-an, ẹni tó ń ya agolo ọbẹ̀ Campbell's náà kúkú ló tẹ ojú obìnrin yẹn léraléra bí ọjà. Ṣé olóǹtẹ̀ dúdú ṣì lówó lórí? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ lu òǹtẹ̀ yẹn? Ó ń retí èsì mi lọ́jọ́ Fúráìdè o.