Ìdílé mẹ́ta, ọba 14, 420 ọdún: níbo ni ìṣirò mi ti wọ́?

Ọmọ Ìjàpọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn ìlú kan tí mo fúnra mi hùmọ̀. Ìdílé mẹ́ta ló ń jọba níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ orí ìtẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ ń jọba, nìkan ló sì lè dé adé. Ọba 14 ti jẹ láàárín 420 ọdún. Ẹnìkan kà á, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kí ló dé?

Ará Òkè-Àró: Ọgbọ̀n ọdún lẹ fún ọba kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Tí ọba ìdílé kìíní bá wàjà, ìdílé méjì tó kù á lo 60 kí ó tó tún kàn wọ́n. Àbíkẹ́yìn tó bí sórí ìtẹ́ ti pé ẹni 60 nígbà náà, àkọ́bí ti ń lọ sí 90. Èwo nínú wọn ló fẹ́ lo ọgbọ̀n ọdún? Ẹ dín in sí 15: àwọn tó ń dupò á wà láàárín 30 sí 45. Ọba 14 á wá jẹ́ 210 ọdún. Ẹ gé ìtàn yín sí méjì, tàbí kí ẹ wá ọba 14 mìíràn.

Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó dọ́gba o. Fún ẹnìkan ní ọdún 3, fún ẹlòmíì ní 31. Déjì Afúnbíowó Adésídà Kìíní lo 60 ọdún ní Àkúrẹ́ níbí, 1897 sí 1957. Ọba ẹlẹ́mìí gígùn kan ṣoṣo báyìí, àwọn ìdílé yòókù á ti darúgbó sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ará Yaba, Oǹdó: Ẹ̀yin méjèèjì, obìnrin ńkọ́? Kì í ṣe ọjọ́ tí ọba wàjà ni òmíràn ń gorí ìtẹ́. Ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin ọba ló ń ṣe adelé, á múra bí ọkùnrin, á dé fìlà onílẹ̀kẹ̀, títí ọba tuntun yóò fi jáde ní ìpèbí, ilé ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀. Ọba 14, àlàfo 13: tí ẹ bá fi ọdún kọ̀ọ̀kan sí i, ọdún 13 ti wọlé tí ẹ ò kà. Ẹ fa ìlà fún orúkọ ìyá ọmọ ọba kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nínú ìwé yín. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá ló ń yà wọ́n. Àwa ní Oǹdó, Púpùpú, obìnrin, ni a kọ́kọ́ kà nínú àwọn ọba wa. Lóbùn, olóyè obìnrin, sì lọ́wọ́ nínú ìfọbajẹ títí dòní.

Ọmọ Ìjàpọ̀: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Tí mo bá wá gba ọmọọmọ láàyè ńkọ́?

Ará Òkè-Àró: Ó gbà, ṣùgbọ́n wọn á pọ̀ jù. Ọba tó bí ọkùnrin 6, tí kálukú bí 6, ẹni 36 ni yóò tò síwájú àwọn afọbajẹ. Ẹ ṣe òfin tó ń dín wọn kù, kí ó sì ti wà láti ayé ọba kejì. Tó bá di ìgbà tí ìjà dé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde, òǹkàwé á mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣègbè.