Eégbọn fẹ́ pa ajá mi l'Òṣogbo, ẹ gbà mí

Bàbá Tanímọ̀la (Àlékúwodò): Ẹ kú ilé o. Lóṣù tó kọjá, ajá mi Tanímọ̀la kọ oúnjẹ, èrìgì rẹ̀ funfun bí òwú. Dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní babesia ni, àrùn kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, eégbọn ló kó o ràn án. Ó ti gbádùn. Mo ra oògùn fipronil tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ajá, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ eégbọn tún kún etí rẹ̀ fọ́fọ́. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Aládùúgbò mi ní kí n po DDVP, oògùn apakòkòrò inú ilé, mọ́ omi, kí n fi wẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dán an wò! Ojú mi ni wọ́n ṣe fi wẹ ajá kan ládùúgbò wa. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ilẹ̀ ò ṣú tó fi kú. Ṣebí láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́.

Dókítà Ẹran: Bàbá, ìgbà wo lẹ wẹ ajá yẹn kẹ́yìn? Òróró ara ajá ló ń gbé oògùn náà káàkiri awọ, ọṣẹ sì ń fọ òróró yẹn dànù. Ẹ má fọṣẹ wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó kán an, àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ la irun àárín èjìká rẹ̀ títí awọ á fi hàn, ibi tí ahọ́n rẹ̀ ò lè dé. Èyí tó wà fún ajá kílò 10 ò lè ká ajá kílò 25 o. Fipronil kì í lé eégbọn, pípa ló ń pa á, ó sì lè tó ọjọ́ méjì. Torí náà, ẹ máa fọwọ́ já wọn lójoojúmọ́: inú etí, abẹ́ apá, àárín ọmọ ìka.

Ọdẹ Òkè-Baálẹ̀: Ẹ wo ògiri ibi tó ń sùn náà. Inú ihò ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí.

Ìyá Ìbejì: Dókítà, permethrin, oògùn eégbọn kejì yẹn, ńkọ́? Wọ́n ní ó ń lé ẹ̀fọn pẹ̀lú.

Dókítà Ẹran: Ó ń lé e, ẹ̀fọn ló sì ń gbé aràn ọkàn kiri. Àmọ́ ó ń pa ológbò.

Bàbá Tanímọ̀la: Háà! Ológbò méjì ló ń sùn tì í. Sátidé ni mo kán oògùn, Sunday ọmọ mi fi ọṣẹ dúdú bó o torí àlejò. Mo ti ń bú ẹni tó tà á fún mi! Báwo ni n ó ṣe wọn ajá tí kì í dúró?

Dókítà Ẹran: Ẹ gbé e dání gun ìwọ̀n, kí ẹ yọ tiyín kúrò.

Bàbá Tanímọ̀la: Tèmi gan-an ni mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi rí 😂