Ọrùn gargoyle tó ti sán: ká fi irin dè é ni, àbí ká gbẹ́ tuntun?

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún òkúta ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ṣe, ẹ kú iṣẹ́ o. Gargoyle kan, ìyẹn ère òkúta tó ń tu omi òjò orí òrùlé síta, ló wà nílẹ̀, lára kàtídírà Gothic (ọnà ìkọ́lé Yúróòpù àtijọ́) kan ní Faransé: òkúta ẹfun, ó yọ síta tó mítà kan, ọrùn rẹ̀ sì ti sán.

Ohun tó fà á kò fara sin. Irin lásán ni wọ́n fi dè é nígbà kan, wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì dí i. Irin tó bá dógùn-ún máa ń wú, á sì la òkúta láti inú. Sìmẹ́ǹtì le ju òkúta náà lọ, kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Bí òtútù bá mú omi inú rẹ̀ dì, ojú òkúta á bó. Béèyàn bá fi ìka ra etí ibẹ̀, ńṣe ló ń kúnná bí ìyẹ̀fun.

Èrò mi ni ká fi ọwọ́ yọ sìmẹ́ǹtì náà, ká fi ọ̀pá irin méjì tí kì í dógùn-ún rọ́pò, ká fi láìmù (ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n sun) ìwọ̀n kan sí yanrìn mẹ́ta dí i, ká sì tẹ́ òjé tuntun sínú gọ́tà ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣé ọ̀pá méjì á gbé orí tó wúwo báyìí, nígbà tí èèyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wé àwọn ère tí Viollet-le-Duc, ayàwòrán ilé ará Faransé, fi kún kàtídírà Notre-Dame ní Paris ní ọ̀rúndún 19. Ìyẹn kì í gbé omi.

Èèpá dúdú tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ńkọ́, níbi tí òjò kì í dé? Kí lẹ fi ń yọ ọ́ tí ojú ọnà kì í fi í bà jẹ́?