Solaris 10: d12 ń sọ "Needs maintenance", ṣé kí n pààrọ̀ dísìkì náà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Lórí sáfà Solaris 10 mi, orí d10 ni fáìlì dátábéèsì wà. Mirror ni d10: d11 àti d12, lórí dísìkì méjì, ló ń ṣe ẹ̀dà ara wọn. metastat, àṣẹ tó ń fi ipò wọn hàn, ní d11 wà ní "Okay", àmọ́ d12 (c1t1d0s5, ìyẹn ìpín s5 lórí dísìkì c1t1d0) ti wọ "Needs maintenance". Dátábéèsì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

iostat -En, tó ń ka àṣìṣe dísìkì, ka Hard Errors 14 fún c1t1d0, 0 fún èkejì, nítorí náà mi ò fura sí wáyà. Mo fi metareplace -e d10 c1t1d0s5 tún ẹ̀dà náà kọ; ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé 38%, ó tún já.

Lẹ́yìn bákọ́ọ̀pù, mo fẹ́ fi metadb -d yọ replica mẹ́ta (ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ètò àwọn mirror) tó wà lórí ìpín s7 dísìkì náà. Mẹ́ta ló wà lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan. Bí dísìkì yìí bá kú láìyọ wọn, ìdajì péré ló kù, sáfà ò sì ní lè tan dé multi-user (ipò tí àwọn èèyàn lè lò ó) fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni cfgadm (láti yọ dísìkì náà), dísìkì tuntun, prtvtoc pẹ̀lú fmthard (láti da ìpín dísìkì kejì kọ sórí rẹ̀), metadb -a -c 3 (láti dá replica mẹ́ta padà), metareplace -e.

Ìbéèrè mi: d22, ẹ̀dà mirror mìíràn tó ń lo s0 lórí dísìkì yẹn, ṣì wà ní "Okay". Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ metadetach rẹ̀ (yọ ọ́ kúrò nínú mirror rẹ̀)? Ṣé resync (dída dátà kọ sórí dísìkì tuntun) lè máa lọ nígbà tí àwọn èèyàn ń lo dátábéèsì, àbí kí n dúró dòru?