Wọ́n ní hepatitis C wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ bímọ ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n ní ká wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo yọjú. Wọ́n fa díẹ̀ yẹ̀ wò, ni nọ́ọ̀sì bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé hepatitis C, kòkòrò tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà, jáde. Kò síbi tó ń dùn mí o! Mo ń lọ Ọjà Ọba, mo ń rẹrù. Màmá ọkọ mi ti fẹ́ gbé agbo kaná. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní nǹkan ń bá jà, n ò lè da ohun tí n ò mọ èròjà rẹ̀ lé e lórí.

Dókítà wá ṣàlàyé: àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ohun tí ara fi bá a jà ló rí. Àyẹ̀wò kejì, tó ń wá RNA rẹ̀, ìyẹn àbùdá kòkòrò náà gan-an, ló máa sọ bóyá ó ṣì wà. Tèmi dé: kò sí mọ́. Ara mi ti lé e lọ, n ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ ṣe tiẹ̀, ó wà níbẹ̀ digbí. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, bóyá abẹ oníkọlà kan náà pàápàá. Kí ló fà á?

Ọmọ Òǹdó
Ẹ kú ewu, mà. Bàbá mi lo abẹ́rẹ́ interferon ayé ijọ́un, èròjà tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò jà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú hóró ribavirin. Ìgbà yẹn, ìtọ́jú náà lè tó ọ̀sẹ̀ 48. Ibà, òtútù, irun ń re, inú ń bí wọn sí gbogbo wa. Wọ́n lò ó tán, kòkòrò ò lọ. Nígbà tó yá, oògùn tuntun dé, sofosbuvir àti daclatasvir, ọ̀sẹ̀ 12 péré. Ó lọ. Ẹ má bi mí léèló.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lábù, Òbáńlá
Ìyá Ìbejì, orí ìbéèrè yín gan-an ni ìwé tí mò ń kà dá lé. Nínú ẹ̀dọ̀, àwọn aṣọ́de kan wà tí jíìnì wa, àbùdá tí a jogún lọ́wọ́ òbí, ń ṣe: TLR3 àti RIG-I. Bí wọ́n bá ti rí RNA kòkòrò, wọ́n á ránṣẹ́ kí ara ṣe interferon tirẹ̀. MAVS àti TRIF ló ń gbé iṣẹ́ náà lọ. Hepatitis C gbọ́n: ó ní ẹ́ńsáìmù kan, NS3/4A, tó ń gé àwọn méjèèjì já. Bíi kí Amọ̀tẹ́kùn rí àjèjì nínú igbó, kí wọ́n ti gé fóònù rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn ìwádìí kan rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà ti pẹ́ lára wọn, jíìnì TLR2 àti TLR4, tó ń ṣe àwọn aṣọ́de mìíràn, ń ṣiṣẹ́ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Ariwo ìkìlọ̀ àwọn aṣọ́de tí kò dáwọ́ dúró yẹn wà lára ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ti ẹ̀gbọ́n yín: ní 2009 ni wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ kékeré kan nítòsí jíìnì IL28B ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti lé kòkòrò náà. Ọmọ ìyá méjì lè jogún rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Obìnrin náà sì máa ń lé e lọ ju ọkùnrin lọ. Nǹkan bí ènìyàn 30 nínú 100 ni ara wọn ń lé e fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ṣé kó jẹun kó tó mu ún?

Ọmọ Òǹdó
Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni bàbá mi ń mu tiwọn, mà. Ẹ bá mi sọ fún un pé bó bá sàn tán, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn á ṣì máa pariwo hepatitis C. Èsì RNA ni kó máa mú dání lọ.