Fọ́tò ìyá wa wà lójú Instagram ayàwòrán: ṣé mo lè lò ó?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bó bá gùn díẹ̀.

Ìyá wa papòdà lóṣù tó kọjá, a sì fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Nínú gbogbo fọ́tò wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló wù mí: níbi ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí wa kan n'Íbàdàn, wọ́n wé gèlè aláwọ̀ àlùkò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èjí wọn hàn kedere. Àmọ́ ayàwòrán ìnáwó náà ló yà á. Ojú Instagram rẹ̀ ló wà, orúkọ rẹ̀ sì dábùú aṣọ wọn. Mo fi fóònù ká a sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí atẹ̀wé mú un tóbi, ojú ìyá mi di bàìbàì.

Mo ti kọ̀wé sí ayàwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, kò dáhùn. Ìyàwó ọjọ́ náà ò ní nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Àbúrò mi ní áàpù kan wà tó lè pa orúkọ náà rẹ́. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́: iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni, òfin kọ́píráìtì ọdún 2022 ní Nàìjíríà sì ka ẹni tó ya fọ́tò sí ẹni tó ni ín, àfi tí àdéhùn mìíràn bá wà. Atẹ̀wé ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. (Gbogbo ayé náà ló ń jẹ gbèsè.)

Bí kò bá dáhùn kó tó di Ọjọ́bọ̀ tí a máa tẹ̀wé, ṣé kí n lò ó pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀, àbí kí n fi í sílẹ̀ pátápátá?

Ẹ ṣeun ṣáájú o.