Kí ẹnu máa jẹ́ ẹnu, kí ọ̀pá máa jẹ́ ọ̀pá

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó ń túmọ̀ ìtọ́sọ́nà fáwọn tó ń yìnbọn pa elk (ẹranko ńlá oníwo kan tó jọ àgbọ̀nrín) láti ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà bèèrè bóyá ká pe irin gígùn tí ọta ń gbà jáde ní "ẹnu ìbọn". Ọ̀pọ̀ yín ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ní Ìbàdàn níbí, "ìbọn ẹlẹ́nu méjì" là ń pe èyí tó ní irin méjì. Èmi ò gbà.

Tí ẹ bá ń nu ìbọn náà, ẹ̀yìn lẹ ó ti ki ọ̀pá ìnubọn bọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹnu, ìyẹn ìparí irin níbi tí ọta ti ń jáde. Torí bí ọ̀pá ìnubọn bá ha etí ẹnu díẹ̀ báyìí, apá kan ni afẹ́fẹ́ gbígbóná á kọ́kọ́ sá gbà, á sì ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo irin ọ̀hún lẹ pè ní ẹnu, báwo lẹ ṣe fẹ́ kọ èyí? "Ọ̀pá ìbọn" ni kó jẹ́.

Ti inú ọ̀pá ló le jù. Inú sákábùlà ń dán ni, kò nílà. Ti ìbọn ọ̀nà jíjìn nílà tó lọ́, òun ló ń mú ọta pòòyì. Mo fara mọ́ "ìlà". Àmọ́ ẹni tó dábàá "ìyára ìlà" fún 1:9, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná: ìtumọ̀ 1:9 ni pé ìlà yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 9, nítorí náà 1:8 ló ń yí jù. Òǹkàwé á rò pé 9 ló yára. "Íńṣì fún ìyípo kan" yé èèyàn. Nínú ìbọn tó ń lo 7mm Remington Magnum, irú ọta ọ̀nà jíjìn kan, íńṣì 9 tàbí 9.5 ló wọ́pọ̀. Ọta gígùn oní-gíréènì 180 (gíréènì la fi ń wọn ìwúwo ọta) ń fẹ́ 8 tàbí 8.5. Bí ìyípo ò bá tó, ọta á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ihò tó bá dá sára bébà á gùn gbọọrọ dípò kó rí roboto.

Gígùn ọ̀pá ìbọn ò nílò àríyànjiyàn: íńṣì 24 tàbí 26. Íńṣì kan téèyàn bá gé kúrò lè gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30 lọ́wọ́ eré ọta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ má sì kọ "àgbọ̀nrín" fún elk. Akọ rẹ̀ lè ju kílò 300 lọ, ọdọọdún ni ìwo rẹ̀ sì ń já bọ́; ti àgbọ̀nrín wa kì í já.